Sáìtì ìdáwó tó ń bèèrè lẹ́tà ọsibítù lọ́wọ́ ẹni tó ti kú

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ṣèlérí fáwọn ẹbí lórí WhatsApp pé màá kọ bí sáìtì tí a fi dáwó jọ nírántí àbúrò mi ṣe ṣe sí wa. Ẹ má bínú, kéèyàn máa lọ láti Kubwa sí Central Area nílùú Àbújá níbí lójoojúmọ́ kó tún máa padà, agbára ìwé kíkọ ò sí mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní méjì ló tọ́ sí wọn, ọkọ mi ní mẹ́rin, ṣùgbọ́n òun ò sí níbẹ̀ nígbà tí mò ń bá wọn fà á lórí fóònù lágogo mọ́kànlá alẹ́, ẹ dákun ẹ má gba tiẹ̀. Mi ò ní dárúkọ sáìtì náà o. Mo ti yẹ méjì míì wò lẹ́yìn ìgbà yẹn, bákan náà ni fọ́ọ̀mù wọn ṣe rí, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wọn.

Àbúrò mi obìnrin yẹn, SS ni, àìsàn sikila ló ní. Oṣù kẹta 2024 ló lọ, ẹni ọdún 27. Dádì AS, Mọ́mì AS, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, òun nìkan ló bọ́ sí i. Dókítà máa ń ní ìdá kan nínú mẹ́rin ni, àwọn èèyàn á wá rò pé tí ọmọ kan bá ti jẹ́ SS àwọn yòókù ti bọ́ nìyẹn, rárá o, oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tẹ́tẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àwa Yorùbá ti ní orúkọ fún àìsàn náà tipẹ́, fòníkú-fọ̀ladìde, àbúrò mi fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an. Tí kíráísìsì bá ti dá a dùbúlẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ti fa omi sí i lára tí wọ́n ti fún un lẹ́jẹ̀, ọjọ́ tó bá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì á ní, "Mo ti fọ̀la dìde o, ta ló jẹ Indomie mi?" Ìyẹn lẹ ó fi mọ irú ẹni tó jẹ́. Ti oṣù kẹta yẹn náà, ọjọ́ mẹ́ta ló ṣe.

Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí nílé wa tọ́mọ bá kú tí òbí ẹ̀ ṣì wà láyé. A kì í pàgọ́, a kì í sè, a kì í dá aṣọ. Wọn ò jẹ́ kí Dádì àti Mọ́mì tẹ̀ lé wa lọ síbi tá a sin ín sí, títí dòní wọn ò mọ ibẹ̀. Tó bá jẹ́ bàbá àgbà ló lọ ni, kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tó kàn, màlúù ni, gbọ̀ngàn ni, olórin ni, ká tiẹ̀ jẹ gbèsè ká lè sọ pé a ṣe é. Ti ọmọ, ńṣe ni kálukú kàn ń dákẹ́. Nígbà tí ọdún kan ń bọ̀, Mọ́mì kàn ń rìn kiri nínú ilé ni, wọ́n á kó àwọn oògùn ẹ̀ tó ṣẹ́ kù jáde, folic acid, Paludrine, wọ́n á nù wọ́n, wọ́n á tún kó wọn padà sínú dúrọ́ọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, a ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan téèyàn lè fi owó yẹn ṣe. Mo ní owó wo? Wọ́n ní owó tí àwọn ọmọ ẹ̀ ì bá fi sin ín ká ní ó dàgbà kó tó lọ.

Bí ọ̀rọ̀ owó ìwádìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dá a lábàá pé ká dáwó fáwọn tó ń ṣèwádìí sikila, ká má wulẹ̀ gbé e fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n Dádì tá à ń pè ní Bàbá Kaduna yarí. Wọ́n ní, "Ìwádìí? Ṣé ìwádìí ló máa jí i? Ẹ gbé owó yẹn fún ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí, kẹ́ ẹ rí ojú ẹni tẹ́ ẹ ṣe lóore." Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n wá, mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀ yẹn gan-an. Nígbà tí àbúrò mi wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ wọn ní Kaduna la ti lọ lo ìsinmi tí rọpárọsẹ̀ fi kọ lù ú, láàárọ̀ ọjọ́ kan ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, látìgbà yẹn ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Àwọn ni wọ́n gbé e sẹ́yìn sáré lọ sọ́sibítù. Ọdún 2005 nìyẹn. Mo wá sọ fún wọn pé lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn dókítà kan ń bẹ ní Kano àti Kaduna, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn láti yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní TCD wo orí àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún sí méjìlá, ẹ̀rọ yẹn máa ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú ọpọlọ, tó bá ti ń sáré jù, rọpárọsẹ̀ wà nítòsí nìyẹn, tẹ́ni kẹ́ni ò bá ṣe nǹkan kan, nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bíi 10 ló máa ń kọ lù lọ́dún kan. Wọ́n mú ọmọ 220, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn sikila tó ń jẹ́ hydroxyurea díẹ̀, wọ́n fún àwọn tó kù ní ìlọ́po méjì, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2022. Iye ọmọ tí rọpárọsẹ̀ kọ lù kéré gan-an níhà méjèèjì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Èyí já sí pé oògùn tí ò wọ́n, tí wọ́n lè lò díẹ̀, lè dáàbò bo ọmọ níbi tí kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n á máa fà sí i lára lóṣooṣù.

Bàbá Kaduna dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Kaduna níbí?" Mo ní Kaduna níbẹ̀ yẹn sà. Wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ n yà síbì kan díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ wọ tréènì Kaduna ní Idu, àdúgbò yẹn náà ni NIPRD wà, ilé ìwádìí oògùn tìjọba àpapọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Niprisan fáwọn SS. Àgbo Yorùbá ni o! Alàgbà kan tó ń jẹ́ Ogunyale ló gbé e wá fún wọn, ìyèré wà nínú ẹ̀, kànáfùrù wà níbẹ̀, osùn, ọkà bàbà, gbogbo nǹkan tó wà lórí igbá àwọn ìyá elégbòogi. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dán an wò lára èèyàn, Ọbásanjọ́ ṣí i fáráyé ní 2006, nígbà tó di 2008 Xechem, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba àṣẹ láti máa ṣe é, kó sí gbèsè, oògùn sì há síbẹ̀ fọ́pọ̀ ọdún. Ní òpin 2023 Amẹ́ríkà wá fọwọ́ sí Casgevy, èyí tí wọ́n fi ń tún jíìnì ẹni ṣe, dọ́là mílíọ̀nù 2.2 fún ẹnì kan. Èmi ni mo kà á fún àbúrò mi lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé kò ní dáa kí wọ́n ra gbogbo Kubwa fún òun dípò ẹ̀, òun á máa gba rẹ́ǹtì lórí bẹ́ẹ̀dì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ló kú. Torí náà tẹ́nì kan bá bi mí pé kí ni tiwa nínú ìwádìí, mo ní èsì.

Ó yá, sáìtì.

Ìdí àkọ́kọ́ tá a fi lo sáìtì ni ti àwọn tó wà lókè òkun. A ní ẹbí ní Manchester àti Houston, àwọn yẹn ò ní lè fi ákáǹtì báǹkì Nàìjíríà ṣe nǹkan kan, káàdì ni wọ́n fẹ́ fi sanwó kí wọ́n sì rí risíìtì. Ìkejì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun ò fẹ́ kí owó wọ ákáǹtì ẹnikẹ́ni nínú wa kí wọ́n má lọ sọ lọ́la pé a fi òkú jẹun. Ó tọ̀nà.

Fífi orúkọ sílẹ̀ rọrùn, ìṣẹ́jú márùn-ún, BVN, NIN, ó tán. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ní kí n yan irú ìdáwó tó jẹ́. "Medical" wà níbẹ̀, "Memorial" wà níbẹ̀. Mo yan Memorial, ṣebí ìrántí ni. Ó bi mí ní ọjọ́ ìsìnkú, ó bi mí ní iye tí pósí àti ilé ìgbókùúsí jẹ́. Mo ní áà, ọmọ wa ti wà nílẹ̀ fún ọdún kan, pósí wo lẹ tún ń sọ? Mo padà sẹ́yìn, mo yan Medical. Ìyẹn wá le jù, àwòrán aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì (wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "a recent photo", tuntun ni wọ́n fẹ́), lẹ́tà ọsibítù, bíìlì tí ọsibítù fún wa, orúkọ dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mò ń wò ó. Kò sí ibì kankan nínú fọ́ọ̀mù yẹn tí mo ti lè sọ pé ẹni tọ́rọ̀ kàn ti kú, pé owó yìí kì í ṣe tiẹ̀ mọ́, àwọn tí a ò tíì bí ló wà fún. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà rò pé kí wọ́n gbà ẹ́ lọ́wọ́ ikú tàbí kí wọ́n sin ẹ́ ni gbogbo ìdí téèyàn fi ń dáwó, kò rò ó pé ẹ̀yìn méjèèjì ṣì kù.

Mo fi àwòrán tó yà níbi ìgbéyàwó mi sí i, níbi tó ti ń jó. Síbi bíìlì mo fi lẹ́tà ẹ̀ka ìwádìí yunifásítì tó fẹ́ gba owó náà sí i, lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́. Mo tún un fi ránṣẹ́, wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní "document does not match patient". Mo bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn, gbogbo ohun tí mo bá sọ ó máa ń ní ó yé òun pé inú mi ò dùn, kò yé e rárá. Ìgbà kẹta tí mo pè wọ́n, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 pẹ̀lú orin létí, ọmọkùnrin kan gbé e. Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá (mi ò mọ bó ṣe gbọ́ ọ lóhùn mi), ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ má ṣe ìyọnu, èmi fúnra mi máa fọwọ́ sí i." Lágogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, pééjì wa ti jáde lórí sáìtì. Ìdajì ìràwọ̀ kan nínú mẹ́ta yẹn, ti ọmọ yẹn ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Nígbà tí owó tó wọlé kọ́kọ́ pé 400,000, ìyẹn pásẹ́ńtì 10 nínú mílíọ̀nù mẹ́rin tá a kọ síbẹ̀, àwa àti Mọ́mì jọ ṣí pééjì náà ni, ni bébà aláràbarà bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè fóònù, pupa, yẹ́lò, aró, ó ń já lé àwòrán àbúrò mi lórí, orin tí-rí-rín ń dún, "Congratulations!" Mọ́mì bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń bá a yọ̀ fún?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo wá ibi tí mo ti lè pa á, kò síbì kankan.

Ó tún ku ti ímeèlì. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi, wọ́n pe àbúrò mi lórúkọ, wọ́n ní kí n sọ fáwọn tó dáwó bí ara ẹ̀ ṣe rí lónìí, pé àwọn tó bá ń sọ bí ara aláìsàn ṣe ń yá máa ń rówó jù. Mo wà nínú kèké ní Kubwa Village nígbà tí mo kà á. Mo bọ́ sílẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, mo rìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, kò sẹ́nì kan tó jókòó kọ ọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló jókòó ṣe ẹ̀rọ náà, kò sì ju ìbéèrè kan lọ tó yẹ kó fi sí i níbẹ̀rẹ̀, "Ṣé ẹni náà ṣì wà láyé?", kí gbogbo nǹkan yòókù yí padà. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn pé wọ́n mọrírì ìmọ̀ràn mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n tún fi ránṣẹ́.

Ṣá, owó wọlé o. Mi ò lè purọ́ mọ́ wọn níbẹ̀. Èèyàn 63 ló san 1,412,000 náírà lórí sáìtì náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Manchester, Houston, Toronto, àwọn tó bá a kàwé ní Zaria, obìnrin kan tí wọ́n jọ wà ní wọ́ọ̀dù nígbà kan. Káàdì ò já lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, risíìtì ń dé lójú ẹsẹ̀, kálukú ń rí orúkọ tiẹ̀ àti tàwọn yòókù. Ìyẹn wúlò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí àbúrò Mọ́mì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kúsẹ́kúsẹ́ pé a ti kó mílíọ̀nù mẹ́wàá jọ, mo kàn fi líǹkì ránṣẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó san 200,000 tí ò kọ orúkọ, agogo méjì òru kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ló san án. Nílé wa a mọ ẹni tá a rò pé ó jẹ́, a ò sì sọ ọ́ jáde. Ọmọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ àbúrò mi ní 2021, AS lòun, ẹ sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ò ní so yín pọ̀ láìwo jẹ́nótáìpù, pásítọ̀ pè wọ́n jókòó, àwọn méjèèjì ló sunkún, wọ́n fi sílẹ̀. Ó ti fẹ́yàwó báyìí. Bó bá jẹ́ òun ni, Ọlọ́run á ṣe é lóore, bó bá jẹ́ ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Sáìtì tó jẹ́ kéèyàn lè fúnni láìdárúkọ, ó ti ṣe nǹkan kan tí àpò ìwé orí tábìlì òkú ò lè ṣe fún wa.

Àwọn tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Èèyàn wa ò gba líǹkì gbọ́, ẹ má tan ara yín. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wo líǹkì tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n pè mí pé àwọn ò ní tẹ nǹkan kan o, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó owó ọmọ àwọn lọ ní báǹkì, kí n gbé nọ́ńbà ákáǹtì wá. A padà ṣí ákáǹtì tó ní orúkọ mẹ́ta, èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti Dádì, 934,500 ló wọ ibẹ̀. 210,000 wá ní owó lọ́wọ́. Nínú ìyẹn ni 2,000 tí Malam tó ń ti ọmọlanke omi ládùúgbò wa mú wá, mi ò bá a sọ ọ́ o, mai gádì ló sọ fún un. Ó ní "Allah ya jikanta," ìyẹn kí Ọlọ́run ṣàánú ẹ̀, ó ní ọmọ tiẹ̀ náà ní sikila, ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo bi í bóyá wọ́n ti wo orí ọmọ náà pẹ̀lú TCD. Kò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. A ti mú un lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì. Ohun tí mò ń sọ ni pé lórí sáìtì yẹn 2,000 ẹ̀ ì bá má wọlé, torí wọ́n ní kó ní ímeèlì, ọkùnrin yìí ò ní ímeèlì.

Sáìtì fún wa láyè láti kọ owó tó wọlé níta sórí pééjì kó lè hàn pé ó pọ̀, mo yìn wọ́n. Àmọ́ wọn ò jẹ́ ká kọ orúkọ àwọn tó mú un wá, "Offline" ni wọ́n kọ sí gbogbo wọn. Bàbá Kaduna ti fi 50,000 ránṣẹ́ sí ákáǹtì, wọ́n ní kí ọmọ wọn ṣí pééjì náà fún àwọn, wọ́n wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, wọ́n pè mí. "Orúkọ mi dà?" Mo ní òun lẹ̀ ń wò yẹn sà, níbi tí wọ́n kọ Offline sí. Wọ́n ní, "Èmi ló ń jẹ́ Offline?" A tẹ orúkọ gbogbo wọn sórí bébà, a kà á sókè lọ́jọ́ àdúrà, Bàbá Kaduna la kọ́kọ́ kà. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó dáwó nírántí ọmọ, ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun wá.

Gbígba owó jáde. Wọ́n yọ pásẹ́ńtì márùn-ún fún ara wọn, 70,600, tàwọn tó ń gbé owó káàdì kọjá jẹ́ 21,180, lápapọ̀ 91,780 ló lọ. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọn ò fi pamọ́, mi ò lè bínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe mí bákan kéèyàn máa yọ owó lórí òkú. Èyí tí mo bínú sí ni pé ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni owó fi há, torí orúkọ ọkọ mi ló wà lórí ákáǹtì, ti bàbá mi ló wà lórí BVN. Wọ́n ti rí méjèèjì lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀, wọn ò wí nǹkan kan nígbà tí owó ń wọlé, àfìgbà tó fẹ́ jáde. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti lọ́kọ, ẹ lọ tún orúkọ yín ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dákun.

Wọn ò sì lè san án tààrà fún yunifásítì. Iléèwé ìjọba ni, Remita tí wọ́n fi ń sanwó fún ìjọba ni wọ́n ní ká gbà, ká gba nọ́ńbà ìsanwó tí wọ́n ń pè ní RRR ká tó sanwó. Mo ti rò pé sáìtì tó ń pe ara ẹ̀ ní ti ìdáwó á ti mọ ọ̀nà yẹn, wọn ò mọ̀ ọ́n, ákáǹtì èèyàn nìkan ni wọ́n lè fi owó sí. Torí náà owó tá a ò fẹ́ kó wọ ákáǹtì ẹnikẹ́ni nínú wa, ó padà wọ tèmi ó sùn ibẹ̀ fún òru ọjọ́ kan, èmi gan-an ò sùn. Láàárọ̀ mo gba RRR, mo san gbogbo ẹ̀ pọ̀, 2,464,720, mo ya risíìtì ẹ̀ ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dáwó, títí kan Malam, ọmọ mai gádì ló bá mi fi hàn án lórí fóònù. Àwọn yunifásítì kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, wọ́n ní ohun èlò láàbù ni wọ́n máa fi rà. Dádì ní kí n lọ fi férémù sí lẹ́tà náà.

Ẹ wá ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ lò ó. Tẹ́ ẹ bá ní èèyàn lókè òkun, ẹ lò ó. Tó bá jẹ́ pé Nyanya, Lugbe àti Zuba nìkan ni gbogbo èèyàn yín wà, ẹ ṣí ákáǹtì olórúkọ mẹ́ta ní báǹkì kẹ́ ẹ máa tẹ orúkọ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ó rówó jù, ẹnikẹ́ni ò ní yọ pásẹ́ńtì. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé owó lọ, ẹ bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni wọ́n fi ń gbowó àti pé kí ni wọ́n máa fi ṣe, ibi tí wọ́n bá ti ń fà á ní ìdáhùn yẹn, ẹ gba ibòmíì lọ. Ẹ sì lo ímeèlì tí ìyá olóògbé ò ní rí.

Pééjì wa ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ tì í pa lóṣù tó kọjá torí àwọn mẹ́sééjì wọn ò dáwọ́ dúró, Mọ́mì ní kí n má dán an wò. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i fúnra wọn. Lálaalẹ́, tí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, wọ́n á wọ ibẹ̀ lọ máa ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ orúkọ wọn nígbà tí wọ́n ń dáwó, pé ó yá àwọn ní ìwé ní Zaria, pé ó máa ń kọrin ní wọ́ọ̀dù, wọ́n á kà á látòkè délẹ̀ bí ẹni tí ò kà á lánàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dátà wọn ti tán lọ́sẹ̀ yìí, èmi ni mò ń rà á.